Ibi Tí Wọ́n Gbé Kọ́ọ̀sì Mi Sí

Ẹnu mi ni mo ń bínú sí jù. Ẹnu yìí tí kì í sinmi, tó máa ń dá awakọ̀ lóhùn, tó ń bá ẹlẹ́ran jà lójú ọjà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń torí rẹ̀ yọ́ gba ẹ̀yìn yàrá wọlé tí wọ́n bá pẹ́ dé, ẹnu yìí kan náà ló dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Kò tiẹ̀ dákẹ́ pátápátá. Ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ó dáa, sà." Orí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sì bà lé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n mi yìí. Kàdúná ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Bàbá wa wá láti ìhà Ọ̀yọ́, ó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ó sì kú nígbà tí mo ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tirẹ̀ tán nígbà náà. Kò ṣe ìdánwò àṣejáde. Ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó gba ilé iṣẹ́ aṣọ lọ ní Kakuri, ó ń dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ni èmi fi kàwé. Kò sọ ọ́ sí mi létí rí. Ká ní ó ń sọ ọ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì bá máa dùn mí tó báyìí.

Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí tirẹ̀ náà tì, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ọwọ́ rán aṣọ fún ìgbà díẹ̀, kó tó ríṣẹ́ sí ilé ìwé jẹ́léósinmi kan ládùúgbò Nasarawa ní Kàdúná níbẹ̀, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ilé rẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi wà níbẹ̀. Òun ló ń gba àwọn ọmọ kékeré lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn láàárọ̀, tó ń nu imú wọn, tó ń fi orin rẹ̀ wọ́n sùn lọ́sàn-án. Ọmọ tó bá ń sunkún títí tó fi sú gbogbo tíṣà, tí wọ́n bá gbé e fún un, kíá ni yóò dákẹ́. Mo ti fi ojú mi rí i.

Ọdún kan wá wọlé tí ìyá tó ni ilé ìwé náà pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀, pé ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí nípa ìtọ́jú ọmọ kékeré kí ṣáà kẹta tó parí, kó máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ń bèèrè iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àǹtí mi, ìyẹn nìkan? Ẹ fọkàn yín balẹ̀ jàre. Èmi gan-an ni mò ń kọ kọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́."

Kì í ṣe irọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì wa, wọ́n sì ti ní kí n kọ kọ́ọ̀sì kan nípa ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré, kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́, tí a ó gbé sórí ayélujára kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á láìwọ yunifásítì, kó ṣèdánwò, kó gba ìwé ẹ̀rí. Tí mo bá jókòó láti kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń rí. Gbogbo àpẹẹrẹ inú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá: ọmọ tí kì í jẹun lọ́wọ́ àjèjì, ọmọ tó ń gé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, ọmọ tó gbọ́ Hausa nìkan tí wọ́n gbé wá sáàárín àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì. Kí n má tàn yín, obìnrin náà ló kọ ìdajì kọ́ọ̀sì yẹn. Ó kàn jẹ́ pé èmi ni mo ní oyè lẹ́yìn orúkọ.

Ohun tó kù ni plátífọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, plátífọ́ọ̀mù ni ilé tí kọ́ọ̀sì ń gbé lórí ayélujára. Ẹ̀kọ́ lè dára títí, tí ilé tí a gbé e sí kò bá jẹ́ kí àlejò wọlé, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Yunifásítì yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún láti wá ilé yìí: alága wa, èmi, Màlámà kan láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, àti ọkùnrin méjì tí wọn kì í la ẹnu àfi tí wọ́n bá gbé ìpápánu dé.

Méjì ni plátífọ́ọ̀mù tó délẹ̀. Ti àkọ́kọ́ fúyẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, a lè gbé e sórí ẹ̀rọ yunifásítì fúnra wa, ọ̀rọ̀ kíkà àti ohùn ló pọ̀ nínú rẹ̀, èèyàn sì lè kó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sórí fóònù rẹ̀ kó máa kà á níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ojú rẹ̀ ni kò dán. Èkejì, ilé iṣẹ́ kan ló gbé e wá láti Àbújá. Fídíò lọ́tùn-ún, fídíò lósì. Kí o tó wọlé, yóò fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí íméèlì rẹ. Tí o bá wọlé tán, yóò ní kí o jẹ́ kí òun fi kámẹ́rà wo ojú rẹ. Tí o bá fẹ́ ka ojú ewé kan ṣoṣo, àfi kí o wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àmọ́ ó dán! Ó ń tàn yòò.

Èmi àti Màlámà la jọ dán wọn wò. Mo gba fóònù ẹ̀gbọ́n mi, mo fún un ní tèmi kó máa fi ṣeré, mo sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Màlámà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Doka, ládùúgbò tí èmi náà ń gbé. Ó mú fóònù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, dígí rẹ̀ ti fọ́ láti igun kan dé àárín, ó sì ní, "To, èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa." Ó ṣí ti àkọ́kọ́. Ó ti ṣí kó tó da tíì sínú ife tán. Ó wá ṣí èkejì. Òbìrí kékeré kan ń yí lójú fóònù. Ó mu tíì rẹ̀ tán. Ó lọ kí ìrun Alaasari, ó padà dé, òbìrí náà ṣì ń yí.

Ó gbé fóònù náà sílẹ̀. Ó ní, "Lọ́la ní mítìn, mi ò gbọdọ̀ dá nìkan sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ èmi nìkan, alága yóò ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ìwọ lo kọ kọ́ọ̀sì, ìwọ sì ni ọmọ rẹ̀. Yóò gbọ́ tìẹ."

Mo ní, "Haba, Màlámà! Ṣé èmi ni wàá máa kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ? Lọ sùn."

Ọmọ rẹ̀ tó wí yìí, àwàdà kọ́. Alága wa, Yorùbá ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ni, àgbà ìjọ sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí mo fẹ́ ṣègbéyàwó, tí bàbá mi ò sí láyé, òun ló dúró bíi bàbá. Òun ló fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó fà mí lé ọkọ mi lọ́wọ́, tó sunkún díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí i. Láti ọjọ́ náà, Daddy ni mò ń pè é, nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ní ọ́fíìsì níbi tí kò yẹ.

Ọjọ́ mítìn pé. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru oṣù kẹrin dìde láti ṣàlàyé plátífọ́ọ̀mù ti Àbújá. Ó tan ẹ̀rọ, ó ju àwòrán sára ògiri, kí lẹ rò pé a rí? Daddy ni! Àwọn èèyàn náà ti mú àwòrán rẹ̀ níbi tí wọ́n ti rí i, tòun ti fìlà ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n gbé e síwájú kọ́ọ̀sì bí ẹni tó ni ín. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà. Mo wo ojú Daddy. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, kò sì padé bọ̀rọ̀. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Màlámà dìde. Ó gbé fóònù ẹ̀gbọ́n mi sórí tábìlì, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tí ojú wa rí, láìfi ọ̀rọ̀ kan sí i, láìyọ ọ̀kan kúrò. Ó ní àwọn tí a torí wọn ṣe kọ́ọ̀sì yìí, irú fóònù yìí ni wọ́n ń lò.

Daddy bèèrè pé, "Fóònù ta ni?"

Màlámà ní ti obìnrin kan ni, tó ń gbé ní Kakuri.

Daddy rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé kí á wá torí fóònù ìyá kan ní Kakuri sọ yunifásítì di ẹlẹ́yà lójú ayé?" Àwọn ọkùnrin méjì tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rí ẹ̀rín rín lọ́jọ́ náà. Ẹni tó wọ kóòtù náà rẹ́rìn-ín. Inú mi gbóná. Màlámà kò jókòó. Ó yíjú sí mi, ó ń dúró.

Kí n tó la ẹnu ni Daddy yíjú sí èmi náà. Láàárín mítìn Gẹ̀ẹ́sì, ó fi Yorùbá bi mí pé, "Ọmọ mi, àbí kò dáa bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi mí, màá fi Gẹ̀ẹ́sì jà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ ni mí, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí nínú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n "ọmọ mi" yẹn, níwájú àwọn tí kì í ṣe Yorùbá? Ta ni yóò bá bàbá rẹ̀ jiyàn níwájú àlejò? Èmi tiẹ̀ rò pé mo gbọ́n. Mo ti ṣètò rẹ̀ lọ́kàn ní wéréwéré: màá fún un níyì lójú gbogbo èèyàn, tó bá di ọjọ́ Àìkú màá lọ bá a nílé, màá kúnlẹ̀, màá rojọ́, òun náà yóò sì fi ọlá bàbá yí i padà lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń gba gbogbo ohun tó bá fẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹbí bàbá mi: kò ní jiyàn lójúde, yóò dúró di ìgbà tí wọ́n bá wọ yàrá.

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Màlámà jókòó. Kò tún wò mí mọ́ títí mítìn fi parí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo ra ọsàn, mo gba ilé Daddy lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi, mo jẹ ẹ́. Mo bá a kó abọ́. Nígbà tí ó ku èmi àti Daddy ní pálọ̀, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Daddy, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ plátífọ́ọ̀mù ọjọ́sí ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká lo èyí tó fúyẹ́. Àwọn tí mo kọ ọ́ fún ò ní lè ṣí ti Àbújá yẹn."

Ó ń bó ọsàn. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Lẹ́tà ti jáde láti ọjọ́ Jímọ̀. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo wa la fohùn ṣọ̀kan."

"Daddy, mo rò pé tí mo bá wá bá yín nílé..."

"Nílé bí i ti báwo? Ṣé nílé la ti ń ṣe iṣẹ́ yunifásítì ni? Mítìn ni ibi ọ̀rọ̀. Tí o bá ní ohun tó ń dùn ọ́, kí ló dé tí o ò sọ ọ́ síbẹ̀, bí Màlámà ṣe sọ tirẹ̀? Ìyẹn ni mi ò fẹ́ràn lára ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ ò ní ìgboyà."

Háà! Mo wà lórí orúnkún mi, mo ń wò ó. Ọkùnrin tó fi "ọmọ mi" dì mí lẹ́nu láàárín mítìn, òun náà ló ń fi ìgboyà bú mi ní pálọ̀ rẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà pé kí Olúwa fún mi ní ọkàn akin. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ọsàn. Mo ṣe àmín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é.

Mo pàdé Màlámà lọ́jọ́ Mọ́ńdè lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo, ì bá sàn fún mi. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe lọ bẹ Daddy nílé. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì fi Hausa sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Ku Yarabawa, kun iya durƙusawa." Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ mọ ìkúnlẹ̀ ṣe. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo bínú sí i títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Àbújá rán ayàwòrán wá. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó yan plátífọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́. Màlámà ní òun ò yàwòrán. Èmi yà á. Mo wọ búláòsì aláwọ̀ aró kan tí ẹ̀gbọ́n mi rán fún mi nígbà tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ayàwòrán ní kí n rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bèèrè bí ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì ti ń lọ, mo ní, "Wọ́n ti yan plátífọ́ọ̀mù o, Àǹtí mi. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n a ó rọ́gbọ́n dá sí i." Wọ́n, mo wí. Bíi pé èmi ò sí ńbẹ̀.

Kọ́ọ̀sì ṣí. Èmi ni mo bá a forúkọ sílẹ̀, tí mo ṣe íméèlì fún un, tí mo kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sẹ́yìn ìwé orin rẹ̀. Lọ́sàn-án, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ̀gbọ́n mi yóò bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé wọn, yóò ṣí fóònù. Ojú ewé àkọ́kọ́ yóò wá. Tó bá tẹ ibi ẹ̀kọ́, òbìrí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tí nọ́ńbà bá fi máa dé sínú íméèlì, àkókò rẹ̀ ti kọjá, wọ́n á ní kó bèèrè òmíràn. Kí ó tó gba méjì, àwọn ọmọ ti jí. Dátà ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ kan ló ń gbé e lọ.

Ọgbọ́n tí a dá náà ni pé kó máa wá sílé mi ní Doka ní ọjọọjọ́ Sátidé, kó fi láptọ́ọ̀pù mi kà á. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta méjì ni yóò wọ̀ láti Kakuri kó tó dé. Ó máa ń gbé ìwé kíkọ rẹ̀ dání, ó ń fi ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Daddy ni wọ́n ní kó ka ẹ̀kọ́ mi sínú fídíò, nítorí ohùn rẹ̀ nípọn. Kó tó dé ibi ẹ̀kọ́, ìkíni káàbọ̀ rẹ̀ á ti sú wa. Ọjọ́ kan, ó ń ṣàlàyé ọmọ tó ń gé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, ẹ̀gbọ́n mi sì pa bírò dé, ó ní, "Ọmọ yìí, mo mọ̀ ọ́n o. Kì í ṣe bí bàbá yìí ṣe ń wí ló rí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ mi ń fi Hausa bi ara wọn léèrè ohun tó ń pa Mummy lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn ìdánwò kékeré ń ṣí, wọn kì í dúró de Sátidé. Ìyẹn ni ó máa ń fi fóònù rẹ̀ bá jìjàkadì lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí méjì fò ó, tó sì yege nínú àwọn tó kù, mo ní kò burú, ìdánwò àṣekágbá ló ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò àṣekágbá, ó gbé láptọ́ọ̀pù sí itan ní pálọ̀ mi, ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó tẹ páswọ́ọ̀dù. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n wá ka nǹkan yìí fún òun, bóyá òun ni òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀.

Ó gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà ní ẹni yìí ń wọlé láti orí ẹ̀rọ méjì, pé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjèèjì sì jẹ́ ti ẹni tó kọ kọ́ọ̀sì. Ó ní òun fura pé màgòmágó ló ń ṣe, òun sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Láptọ́ọ̀pù mi ló dá a lẹ́bi. Ìrànlọ́wọ́ tí mo ní mò ń ṣe fún un ni wọ́n fi mú un.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé olè ni wọ́n pè mí?"

Mo ní, "Rárá o, Àǹtí mi, ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ ò mọ nǹkan kan."

Ó ní, "Wọ́n ní mo jí ìwé kà. Èmi? Ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ṣiṣẹ́, tá a bá ń jáde wọ́n máa ń yẹ ara wa wò, wọn ò bá ègé òwú kan lára mi rí." Ó pa ìwé kíkọ rẹ̀ dé. Ó ní òun fẹ́ máa lọ kí kẹ̀kẹ́ má baà wọ́n.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gba ọ́fíìsì alága lọ, mi ò kúnlẹ̀. Mo ní, "Prof, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún un kí ọjọ́ ìdánwò tó kọjá. Kò ṣe màgòmágó, ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló ni fóònù tí ẹ fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ? O jókòó níbẹ̀, o gbọ́ tí mo sọ ohun tí mo sọ, o ò sì sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni?" Ó mi orí. "Òfin plátífọ́ọ̀mù ni, gbogbo wa la sì fọwọ́ sí i. Tí mo bá wá ṣí i nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni, kí ni wọ́n fẹ́ máa sọ nípa mi? Kó kọ̀wé ẹ̀hónú. Wọn á gbé e yẹ̀ wò."

Mo wá rí ẹnu mi lò lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ fún un pé ojú ara rẹ̀ ló rí lára ògiri tó fi gba nǹkan Àbújá yẹn, pé kò bìkítà bóyá ẹnì kan lè kà á tàbí wọn ò lè kà á. Mo pariwo débi pé akọ̀wé rẹ̀ wá ti ilẹ̀kùn. Ó fi mí sílẹ̀ kí n sọ tẹnu mi tán. Ó ní, "O ti pẹ́ jù, ọmọ mi." Òótọ́ ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn ni èmi dákẹ́ lé lórí.

A kọ̀wé ẹ̀hónú. Ìdánwò kọjá. Èsì ẹ̀hónú ò dé. Ṣáà kẹta parí, ìyá tó ni ilé ìwé náà pe ẹ̀gbọ́n mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, ó fún un ní ankara, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wakọ̀ lọ sí Kakuri lọ́jọ́ kejì tí mo gbọ́. Ó wà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn yẹn ò ṣe dáadáa, àwọn tó yan nǹkan burúkú yẹn." Ẹ wò mí o! Mo ṣì ń sọ "àwọn èèyàn yẹn."

Kò ní kí n dìde. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó mú fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ atẹ ẹ̀wà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì nà án sí mi. Kò pẹ́ rárá kó tó ṣí. Ojú ewé àkọ́kọ́ kọ́ọ̀sì mi ni. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé àwọn tó yan plátífọ́ọ̀mù yìí fún yín nìyí. Èèyàn mẹ́rin ló tò síbẹ̀. Daddy wà láàárín. Èmi wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo wọ búláòsì aláwọ̀ aró, mo ń rẹ́rìn-ín teyínteyín, dígí fóònù tó fọ́ yẹn gba àárín iwájú orí mi kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ yẹn nìkan ló máa ń ṣí fún mi lórí fóònù yìí. Ìwọ nìkan ni mò ń rí. Gbogbo Sátidé tí mo fi wá sílé rẹ, mò ń dúró pé wàá sọ fún mi."